Iyanrìn, ọ̀dà oníyanrìn, kọ́ọ̀kì, fọ́ọ̀mù: èwo ni kí ẹ fi ṣe ilẹ̀ fún ère yín?

Ère tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kùn, tí ẹ wá fi sílẹ̀ lórí ike dúdú lásán, kò tíì parí. Ẹni tó ń ṣe eré ogun orí tábìlì, níbi tí ère kékeré ti dúró fún ọmọ ogun, mọ̀ ọ́n: ojú tó bá wo ère á sọ̀ kalẹ̀ wo ibi tó dúró lé. Ibẹ̀ là ń pè ní béèsì, pèpele kékeré roboto tàbí onígun mẹ́rin tí ẹsẹ̀ ère lẹ̀ mọ́. Ohun tí a lè fi bò ó pọ̀ lọ jàra ní ṣọ́ọ̀bù, ó tún pọ̀ sí i nínú ilé ìdáná àti lẹ́yìnkùlé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èyí tó dára fún akọni kan ṣoṣo lè má dára rárá fún ọmọ ogun ogójì, èyí tó sì rẹwà lórí tábìlì iṣẹ́ lè ṣí kúrò lẹ́yìn eré méjì. A máa fi wọ́n wé ara wọn báyìí, a ó sì sọ èyí tí a fara mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ fi mílímítà rò ó

Ère tó gbòde jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí Games Workshop ti ìlú Nottingham ń ṣe fún eré Warhammer tó jáde ní 1983, ga tó nǹkan bíi mílímítà 28 láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ojú. Tí ojú ènìyàn gidi bá wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 165 sílẹ̀, a jẹ́ pé mílímítà 1 lórí béèsì dúró fún sẹ̀ǹtímítà 6 ní ayé gidi.

Ìṣirò yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó ra ohunkóhun. Hóró iyanrìn tó jẹ́ mílímítà 1 kì í ṣe iyanrìn mọ́ lẹ́sẹ̀ ère. Òkúta tó kún ọwọ́ ni. Hóró mílímítà 2 ti tó àgbọn tí wọ́n bó. Mílímítà 5 jẹ́ òkúta tí àgbàlagbà lè jókòó lé. Tí ẹ bá wá da iyanrìn oníhóró mílímítà 2 bo gbogbo béèsì, ọmọ ogun yín kò dúró lórí ilẹ̀, ó dúró lórí òkìtì àgbọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ béèsì fi máa ń rí bákan, tí ẹni tó ṣe é kò sì ní mọ ohun tó ṣe é.

Ìwọ̀n tí a máa ń lò fún ilẹ̀ tó dà bí ilẹ̀ ni èyí: ṣíbí 4 iyanrìn kúnná tí hóró rẹ̀ kò tó ìdajì mílímítà, ṣíbí 1 èyí tó tó mílímítà 1, lẹ́yìn náà òkúta méjì tàbí mẹ́ta tó tó mílímítà 3 sí 5 lórí béèsì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òkúta wọ̀nyí tò bí eyín. Ẹ kó méjì jọ sápá kan, kí ẹ fi ìkẹta sí ọ̀ọ́kán.

Iyanrìn gidi tàbí ọ̀dà oníyanrìn?

Ìbéèrè yìí ló ń wá jù. Ọ̀dà oníyanrìn ni lẹ́búlẹ́bú òkúta tí wọ́n ti pò mọ́ ọ̀dà acrylic (ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi là) sínú ike kékeré; ẹ ó kàn tẹ́ ẹ, ó di ilẹ̀. Iyanrìn gidi ní tirẹ̀ nílò gọ́ọ̀mù, ìdúró, àti ọ̀dà lẹ́yìn náà.

| | Iyanrìn gidi | Ọ̀dà oníyanrìn |
|---|---|---|
| Owó | Fẹ́rẹ̀ẹ́ má ná yín ní nǹkan kan | Ó wọ́n, pàápàá fún béèsì ńlá |
| Hóró | Kò dọ́gba, ó jọ ilẹ̀ | Ó dọ́gba ju bó ṣe yẹ lọ |
| Ìgbésẹ̀ kó tó gba ọ̀dà | Mẹ́ta, pẹ̀lú òru kan láàárín | Ọ̀kan |
| Ohun tó ń bà á jẹ́ | Ó ń ṣí bí awọ, ó ń gbọ̀n dànù | Ó ń ya tó bá nípọn jù |
| Ibi tó ti dára jù | Agbo ọmọ ogun, ilẹ̀ gbígbòòrò | Ère tí wọ́n ti kùn tán |

Lórí owó, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Béèsì roboto tó fẹ̀ ní mílímítà 32 ní ojú tó jẹ́ nǹkan bíi mílímítà onígun mẹ́rin 800. Tí ẹ bá tẹ́ ọ̀dà oníyanrìn sí i kó nípọn ní mílímítà 1, mìlílítà 0.8 ló máa gbà. Ní ìṣirò lásán, ike Citadel (ọ̀dà tí Games Workshop ń tà) tó gba mìlílítà 24 yóò tó béèsì ọgbọ̀n. Lórí tábìlì, ẹ fọkàn sí 20 sí 25, nítorí èyí tó lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ àti èyí tó gbẹ sẹ́nu ike. Béèsì mílímítà 60 kan ṣoṣo á jẹ mìlílítà 2.8, nítorí náà mẹ́jọ péré á gbé ike náà mì. Ife iyanrìn kan á ṣe gbogbo èyí, á sì tún ṣẹ́kù.

Níbi tí ọ̀dà oníyanrìn ti borí pátápátá ni ère tí wọ́n ti kùn parí, tí béèsì rẹ̀ ṣì wà ní òfo. Ẹ kò lè fọ́n ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí iyanrìn lábẹ́ ère tó ti gún régé. Ẹ ra ọ̀dà oníyanrìn tó ti ní àwọ̀ tí ẹ fẹ́, ẹ fi igi áísìkiriìmù tàbí ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tútù nu èyí tó bá kan bàtà ère kíá, kó tó dì. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi ń kun ojú ère tẹ́ ẹ láé. Iyanrìn inú rẹ̀ á jẹ irun búrọ́ọ̀ṣì náà tán láàárín béèsì mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ ibi tó ga ju mílímítà 2 lọ, ẹ tẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kí ẹ tó tẹ́ ìkejì. Èyí tó bá nípọn ní ẹ̀ẹ̀kan náà á gbẹ lójú, inú rẹ̀ á ṣì tutù, bó bá wá ń sún kì á ya.

Irú kan wà tí wọ́n dìídì ṣe kó lè máa ya, fún ilẹ̀ tí ọ̀dá pa. Òfin tirẹ̀ yàtọ̀: bó bá ṣe nípọn tó ni yíya rẹ̀ ṣe máa tóbi tó. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun pa ojú béèsì kó gbẹ kí ẹ tó tẹ́ ẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn èérún rẹ̀ á máa já bọ́ bí èèpo ọ̀dà ògiri àtijọ́.

Ẹni tó ní béèsì ogójì láti ṣe ni a máa ń gbà nímọ̀ràn pé kó pò tirẹ̀: ṣíbí 2 iyanrìn kúnná, ṣíbí 1 gọ́ọ̀mù funfun, ṣíbí 1 ọ̀dà acrylic aláwọ̀ ilẹ̀. Ẹ pò ìwọ̀nba tí ẹ máa lò lọ́jọ́ náà. Ó ní hóró tí kò dọ́gba bíi ti iyanrìn, ó sì rọrùn bíi ti inú ike. Tí wọ́n bá ní ká mú ẹyọ kan nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí, èyí la máa mú.

Iyanrìn lórí béèsì kan, láti ìbẹ̀rẹ̀

Iyanrìn etí òkun ní iyọ̀ nínú. Iyọ̀ ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, á sì hu funfun sójú ọ̀dà nígbà tó bá yá. Ẹ fi omi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mẹ́ta ṣàn án kí ẹ tó sá a. Iyanrìn odò tàbí èyí tí wọ́n dà sílẹ̀ fún ilé kíkọ́ dára jù. Ẹ fi asẹ́ gàrí yọ òkúta ńlá kúrò, kí ẹ wá fi asẹ́ tíì pín ìyókù sí méjì. Èyí tó jò sísàlẹ̀ ni ilẹ̀ yín. Èyí tó dúró lókè ni òkúta wẹ́wẹ́. Ẹni tó wà ní London tàbí Manchester lè ra iyanrìn tí wọ́n ń tà fún ibi ìṣeré ọmọdé. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó sì kúnná.

Ike béèsì máa ń dán, gọ́ọ̀mù funfun kì í sì í di ohun tó ń dán mú dáadáa. Ohun tó ń mú kí iyanrìn ṣí lódidi bí awọ ọ̀sàn nìyẹn. Ẹ fi pépà ìyùn 120 yùn ún ní ìbú àti òró, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀kán súpà gúlù kọ̀ọ̀kan lẹ òkúta méjì tàbí mẹ́ta náà. Ẹ pò gọ́ọ̀mù funfun 3 mọ́ omi 1, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó ti gbó kùn ún, kí ẹ lo ẹnu ìtayín láti tì í yí bàtà ère ká. Ẹ fi nǹkan bí ìdajì mílímítà sílẹ̀ létí.

Ẹ ri béèsì náà sínú àwo iyanrìn, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá, ẹ gbé e, kí ẹ fi ìka lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èyí tí kò lẹ̀ já bọ́. Ẹ wá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ bá rin, ó lè gba ọjọ́ méjì. Gọ́ọ̀mù tó bá ṣì funfun láàárín hóró kò tíì gbẹ.

Ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fò ló kàn: dídè é mọ́lẹ̀. Ẹ pò gọ́ọ̀mù 1 mọ́ omi 2, kí ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan sí i. Ọṣẹ yẹn ló ń jẹ́ kí omi gọ́ọ̀mù wọ àárín hóró dípò kó dúró ṣóṣóró lórí rẹ̀ bí ìrì lórí ewé kókò. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a. Ẹ kán an sí i díẹ̀díẹ̀ kó máa mu ún. Tí ẹ bá ṣe èyí nígbà tí gọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ kò tíì gbẹ, gbogbo rẹ̀ á yọ́, á sì di ẹrẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 12, ẹ lè fi èékánná họ ọ́; kò gbọ́dọ̀ sí hóró kan tó máa tẹ̀ lé yín lọ́wọ́.

Ọ̀dà wá rọrùn. Ọ̀dà ìpìlẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ dúdú, omi ọ̀dà dúdú kó wọ inú kòtò, kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ: ẹ rì í sínú àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ nù ún sí aṣọ títí tí kò fi ní fi àmì kankan sílẹ̀ mọ́, kí ẹ wá rà á kọjá lójú béèsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Orí hóró nìkan ló máa gbà á. Ẹ̀ẹ̀kejì, kí àwọ̀ rẹ̀ jọ egungun, ẹ fi kan òkúta ńlá nìkan.

Gọ́ọ̀mù funfun tàbí súpà gúlù?

Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, Top Bond tàbí PVA mìíràn, ni fún ohunkóhun tó bá jẹ́ hóró. Kì í yá, ṣùgbọ́n ó ń rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn gbígbẹ, nítorí náà kì í fọ́ bí ère bá já bọ́. Súpà gúlù le, ó sì ń fọ́ gbáú bí dígí. Èéfín rẹ̀ tún máa ń fi funfun bo ohun tó bá wà nítòsí, ike tó mọ́ gaara ni ó sì ń bà jẹ́ jù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ ère, wáyà, òkúta ńlá àti kọ́ọ̀kì (irú èyí tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò wáìnì).

Àwọn kan máa ń da baking soda sí súpà gúlù kó lè le lójú ẹsẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ láti dí ihò, ṣùgbọ́n ó ń gbóná, ó sì ń tú èéfín tó ń ta ojú, nítorí náà ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má sì jẹ́ kí súpà gúlù kan òwú láé. Òwú máa ń mú un gbóná débi tó lè jó ọwọ́.

Ohun tó ń gbé ilẹ̀ sókè: kọ́ọ̀kì, èèpo igi, fọ́ọ̀mù

Kọ́ọ̀kì la fara mọ́ fún àpáta. Pákó kọ́ọ̀kì onímílímítà 3 jẹ́ àtẹ̀gùn kan fún ère (sẹ̀ǹtímítà 18). Méjì lórí ara wọn di ibi tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gun. Ẹ má fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ fi ọwọ́ ya á: ibi tó bá ya wúruwùru ni ẹ̀gbẹ́ àpáta. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á fi ojú òkè rẹ̀ sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ, ojú òkè yìí ló sì máa ń tú àṣírí pé kọ́ọ̀kì ni. Ẹ tẹ́ ọ̀dà oníyanrìn tàbí iyanrìn díẹ̀ sí i, kí ẹ fi àwọn ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ lófo. Kọ́ọ̀kì tún máa ń mu ọ̀dà bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ fi gọ́ọ̀mù tí ẹ bomi là pa á kí ẹ tó kùn ún. Gọ́ọ̀mù nìkan kò sì tó láti di ẹsẹ̀ ère mọ́ ọn, nítorí kọ́ọ̀kì náà ló máa ń já. Ẹ lu ihò sí ẹsẹ̀, ẹ ti wáyà mílímítà 1 bọ̀ ọ́, kí wáyà náà gba inú kọ́ọ̀kì kọjá dé ike.

Èèpo igi, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà ọgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi bo ìdí òdòdó, ní ìlà bíi ti àpáta onípele, kò sì sí ohun tó jọ ọ́. Ẹ fi sínú ààrò ní 100°C fún ìṣẹ́jú 45 kí kòkòrò inú rẹ̀ kú, kí ọ̀rinrin sì jáde. Èèpo kan kì í jọ èkejì, nítorí náà ó dára fún akọni kan, kò dára fún agbo ọmọ ogun tó yẹ kó bá ara wọn mu.

Fọ́ọ̀mù líle, XPS, èyí aláwọ̀ búlúù tàbí píǹkì tí wọ́n ń fi dí ògiri ilé nítorí òtútù, ni fún ilẹ̀ tí ènìyàn kọ́: bíríkì, òkúta ìtẹ́lẹ̀, ìbojì. Ẹ fi bírò fa ìlà bíríkì sí i, ẹ ká fọ́ìlì bíi bọ́ọ̀lù, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kó ní ojú òkúta. Ṣùgbọ́n súpà gúlù lè jẹ ẹ́, ọ̀dà agolo tí a ń fọ́n sì ń yọ́ ọ bí omi gbígbóná ṣe ń yọ́ òrí. Ẹ kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù funfun tí ẹ pò mọ́ ọ̀dà dúdú kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ó dé gbogbo ẹ̀gbẹ́ àti inú ìlà. Fọ́ọ̀mù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n kò ṣeé lò. Hóró roboto rẹ̀ á hàn lábẹ́ ọ̀dà bó ti wù kó rí.

Fọ́ọ̀mù fúyẹ́, ère orí rẹ̀ á sì máa ṣubú. Ẹ lẹ wásà irin mọ́ abẹ́ béèsì. Ohunkóhun tí ẹ bá lò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ga ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìbú béèsì lọ fún ọmọ ogun lásán. Nínú eré tó ń wo ohun tí ère lè rí láti ibi tó dúró, gíga yìí lè dá awuyewuye sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tó ń to ọmọ ogun ní ìlà, bíi ti Warhammer: The Old World tó jáde ní 2024, ní òfin kan sí i. Béèsì onígun mẹ́rin wọ̀nyẹn, mílímítà 25 fún ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀, máa ń fara kan ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òkúta tó bá yọ síta ní mílímítà 1 péré á ba ìlà jẹ́. Kọ́ọ̀kì kò yẹ níbẹ̀, iyanrìn tó.

Koríko

Ní àwọn ọdún 1990, béèsì aláwọ̀ ewé tútù tí wọ́n bu flock sí ló gbòde. Lẹ́búlẹ́bú pákó tàbí èérún fọ́ọ̀mù tí wọ́n pa láró ni flock, ó sì jọ ewédú ju koríko lọ. Static grass ni okùn náílọ́ọ̀nù tín-ín-rín. Bí ẹ bá fi ọwọ́ wọ́n ọn, á sùn. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fún un ní iná mànàmáná ló ń mú kó dúró. Ẹ rántí ìṣirò: okùn mílímítà 2 jẹ́ koríko tí wọ́n ti gé (sẹ̀ǹtímítà 12), mílímítà 6 ti kọjá agbedeméjì ojúgun, mílímítà 12 kọjá orúnkún dáadáa, igbó nìyẹn.

Fún ẹni tí kò ní ẹ̀rọ, ìdì koríko tí wọ́n ti ṣe tán ló dára jù, kò sì sí ìjà nínú èyí. Ẹ fi ẹ̀mú ká a, ẹ kán gọ́ọ̀mù funfun sí ìdí rẹ̀ bó tilẹ̀ ní tirẹ̀, nítorí èyí tó ní kì í di iyanrìn mú pẹ́. Ìdì kan tàbí mẹ́ta lórí béèsì mílímítà 32, ní ẹ̀gbẹ́ òkúta tàbí lẹ́yìn gìgísẹ̀, níbi tí koríko ti ń hù gan-an. Koríko ló ń kẹ́yìn, lẹ́yìn fáníìṣì, kí ọ̀dà má bàa lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ewé, yìnyín, omi

Ewé gidi máa ń ká kò. Èso igi birch tí wọ́n fọ́ ní èérún tó jọ ewé kékeré, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ nílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ìwọ́wé. Ewé inú tíì tí ẹ ti mu dára fún ilẹ̀ igbó, ṣùgbọ́n kó gbẹ délẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bu lábẹ́ fáníìṣì. Baking soda tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù funfun ṣe yìnyín dáadáa lónìí, á sì pọ́n nígbà tó bá yá. Ẹ ra èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún yìnyín. Fún omi, ẹ da résìn (omi tó ń dì di líle, tó sì mọ́ gaara) ní ìpele mílímítà 3, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn òmíràn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti di ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ pa. Iyanrìn tàbí kọ́ọ̀kì tí ẹ kò dí ń mí; atẹ́gùn inú rẹ̀ á gòkè wá di hóhò nínú omi yín.

Etí béèsì

Ohun tó bá kù ni etí. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún nígbà tí gọ́ọ̀mù ṣì tutù, nítorí hóró tó bá gbẹ síbẹ̀ kò ṣeé họ láìya ike. Lẹ́yìn gbogbo ọ̀dà, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọ̀dà tí ẹ bomi là díẹ̀, dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ dúdú, kí búrọ́ọ̀ṣì dúró lójú kan kí ọwọ́ kejì máa yí béèsì. Àwọ̀ kan náà fún gbogbo ọmọ ogun. Ẹ kọ orúkọ ọ̀dà náà sí abẹ́ béèsì kan, nítorí ẹ máa ra ère mìíràn sí i.